Ta Ló Ni Igbó Ìjọba? Bí Ará Florida Ṣe Dá Pápá Gọ́ọ̀fù Dúró

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde láti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì àti pápá eré sínú àwọn ọgbà ìpínlẹ̀, ìyẹn igbó, odò àti etíkun tí ìjọba ń dáàbò bò fún gbogbo èèyàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gómìnà fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi nìyí.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́, ibo ni wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ sí?

Ọgbà mẹ́sàn-án ló wà nínú ètò náà. Ní Anastasia àti Topsail Hill, òtẹ́ẹ̀lì tí yàrá rẹ̀ lè tó 350 ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní àwọn ọgbà mìíràn, pápá pickleball ni, eré kan tó fara jọ tẹníìsì. Èyí tó bí àwọn èèyàn nínú jù lọ ni ti Jonathan Dickinson, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe pápá gọ́ọ̀fù oníhò 45. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní scrub-jay ń gbé ibẹ̀. Ní gbogbo ayé, Florida nìkan ni ẹyẹ yìí wà, ilẹ̀ iyanrìn tí igi kúkúrú hù sí ló sì bá a lára mu. Láti 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Bí wọ́n bá ṣán igbó náà tí wọ́n gbin koríko gọ́ọ̀fù, kò sí ibi tí yóò kó lọ.

Ìbéèrè: Ṣebí ìjọba ló ni ilẹ̀. Kí ló kan aráàlú níbẹ̀?

Ìjọba ń tọ́jú ilẹ̀ náà ni. Owó aráàlú ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, nítorí aráàlú ni wọ́n sì fi yà á sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, torí ó kan àwa èèyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ọgbà Dr. Von D. Mizell-Eula Johnson ni, etí òkun ló wà ní Broward.

Láyé tí wọ́n ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, èèyàn dúdú kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ ní etíkun Fort Lauderdale, ìlú kan ní Broward. Ní 1954, ìjọba ìbílẹ̀ Broward ra ilẹ̀ létí òkun, wọ́n ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú nìyẹn, àmọ́ wọn ò la ọ̀nà débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ kó tó lè débẹ̀, ọdún 1965 ni ọ̀nà tó dé. Kó tó dìgbà náà, ara ti kan àwọn èèyàn. Ní oṣù keje 1961, Dókítà Mizell àti Eula Johnson, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ NAACP nílùú náà, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú, ṣíwájú àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì rìn wọ inú òkun níbi tí wọ́n ní kí wọ́n má dé. Ìlú gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ní 1962 adájọ́ kọ̀ láti dá wọn lẹ́kun. Ilẹ̀ tí kò lọ́nà yẹn ló di ọgbà ìpínlẹ̀, ní 2016 ni wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tó ní kí wọ́n ṣe pápá pickleball sí. Inú mi ò lè dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí aráàlú?

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló tú u síta. James Gaddis ni orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n ní kó ya máàpù àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ nǹkan sí. Ó rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára, ó sì gbé ìwé náà fún àwọn aráàlú. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ìjọba pe ìpàdé fún aráàlú lóòótọ́. Mẹ́jọ ni, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tẹnu èèyàn kì í ṣètò ìpàdé báyẹn. Mo rò pé ètò ìpàdé yìí bí àwọn èèyàn nínú tó ti gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá ba gómìnà lẹ́rù?

Àwọn tí kì í jọ jẹ, tí kì í jọ mu nínú òṣèlú, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Àwọn apẹja, àwọn ọlọ́dẹ, àwọn tó ń wo ẹyẹ àti ìdílé tó ń pàgọ́ sínú igbó ló jáde ṣèwọ́de. Rick Scott àti Marco Rubio, tí wọ́n jẹ́ sẹ́nétọ̀ Florida nígbà náà, jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà pẹ̀lú Gómìnà Ron DeSantis, síbẹ̀ wọ́n ta ko ètò náà ní gbangba. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, àwọn tó fẹ́ ṣe pápá gọ́ọ̀fù yọwọ́. Ní ọjọ́ 28, gómìnà ní kí wọ́n padà lọ tún gbogbo rẹ̀ rò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Àwọn èèyàn náà ò kàn sọ pé "ẹ dáàbò bo àyíká wa." Ọgbà tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n ti rìn nínú rẹ̀, ni wọ́n dárúkọ. Aṣojú lè fi ọ̀rọ̀ nípa àyíká ṣeré, ṣùgbọ́n kò lè fi Jonathan Dickinson ṣeré lójú àwọn tó dìbò fún un.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà ti tó?

Rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá òfin. Ní ọdún 2025, ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí òfin tó kà á léèwọ̀ láti ṣe pápá gọ́ọ̀fù, pápá pickleball àti irú òtẹ́ẹ̀lì ńlá bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà ìpínlẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó dìbò ta kò ó. Ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ni gómìnà buwọ́ lù ú.

Nínú oṣù karùn-ún yẹn kan náà, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ dé pé kí ìjọba fi 600 éékà ní Guana, ilẹ̀ tí wọ́n dá sí fún ẹranko ìgbẹ́, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ariwo sọ, àwọn tó béèrè ilẹ̀ náà sì fà sẹ́yìn kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Guana kì í ṣe ọgbà ìpínlẹ̀, nítorí náà òfin tuntun yẹn kò ní dáàbò bò ó.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́? Ta ló ń sanwó ìtọ́jú àwọn ilẹ̀ yìí?

Ibí yìí ló le jù. Ní 2001 ni Florida bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Florida Forever, láti máa ra ilẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wó, ilé aṣòfin kò fún un ní kọ́bọ̀ ní 2009. Aráàlú wá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń kó ìbuwọ́lùwé jọ lọ́wọ́ èèyàn kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ náà fi dé orí ìwé ìbò. Ní oṣù kọkànlá 2014, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ wá sọ pé láàárín ogún ọdún, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń gbà lórí ìwé ilé àti ilẹ̀ yóò máa lọ sí ríra ilẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀.

Owó náà wọlé, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ san owó oṣù àti ìnáwó ọ́fíìsì tó ti wà nínú ìṣúná tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ilẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2015. Adájọ́ dá àwọn ẹgbẹ́ náà láre ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2019, nígbà tó sì di 2022, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó ní owó ọdún tí wọ́n ń jà lé lórí ti ná tán. Kò sí ẹni tó ṣèwọ́de. Ìlà kan nínú ìwé ìṣúná kò ṣeé yà ní fọ́tò bí ẹyẹ, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí igbó fi bọ́ tí owó ò bọ́.

Ìbéèrè: Florida ni mò ń gbé, àmọ́ n kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè dá sí i?

Ẹ lè dá sí i. Ìbò nìkan ni ti ọmọ orílẹ̀-èdè. Kíkọ lẹ́tà sí aṣojú àti sísọ̀rọ̀ níbi ìpàdé gbangba kò béèrè páálí ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ yín. Oṣù kẹta ni ilé aṣòfin Florida sábà máa ń wọlé ní ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, ní ọdún tó ṣeé pín, oṣù kìn-ín-ní ni, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni wọ́n ń lò. Kí wọ́n tó wọlé ni kí lẹ́tà yín ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Ẹ dárúkọ ọgbà tí ẹ ń kó àwọn ọmọ yín lọ, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún Florida Forever lọ́dún yẹn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ tẹ ọ́fíìsì wọn láago.