Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Sàlẹ́ńsà Ọ̀kadà Yín

Bí ọ̀kadà yín bá jẹ́ 100cc, tó ń ru àpò kòkó gun àwọn òkè tó wà láàárín Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Iléṣà, ẹ fi sàlẹ́ńsà (páìpù tí èéfín ń gbà jáde) tó bá a wá sílẹ̀ bó ṣe wà. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ní nígbà tí kò tíì sáré la fi ń gun òkè, òun gan-an sì ni páìpù ńlá aláriwo máa ń jẹ.

Ìgbì ìgbì ni èéfín ń jáde, bí fáàfù (ilẹ̀kùn èéfín nínú ẹ́ńjìnnì) bá ṣe ń ṣí. Tí páìpù bá wà níwọ̀n, ìgbì tó ti sáré lọ á máa fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ihò bá fẹ̀ jù, èéfín á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, kò ní fa nǹkan kan. Àwọn Bajaj kan ní àpò irin kékeré lára ọrùn sàlẹ́ńsà (páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde látinú ẹ́ńjìnnì), ExhausTEC lorúkọ rẹ̀. Torí kí ọ̀kadà lè fà dáadáa lórí eré kékeré ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan gé e!

Ẹni tó ní 150cc tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pààrọ̀ ìdí sàlẹ́ńsà (apá ńlá tó wà lẹ́yìn), kó fi ọrùn sílẹ̀. Bí ọrùn àti ìdí bá jẹ́ odidi kan, ẹ ra èyí tí ihò ọrùn rẹ̀ kò ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ wọ̀n ọ́n. Kó ní ibi tí ẹ ó ti fi bóòtù so ó mọ́ férémù. Bí ọrùn nìkan ló gbé e ró, gbígbọ̀n á ṣẹ́ bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, yíyọ kùkùté rẹ̀ sì lè ná yín ju sàlẹ́ńsà lọ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun (òrùka tí kì í jẹ́ kí èéfín jò láàárín ọrùn àti ẹ́ńjìnnì) lẹ ó fi dè é. Ẹ máa mú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó de ọrùn mọ́ ẹ́ńjìnnì le díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó tutù, kí ẹ tún un dè. Lẹ́yìn náà, ẹ ta omi ọṣẹ sí oríkèé rẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i ní tútù: bó bá ń hó, atẹ́gùn ń jò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni kàbúrétọ̀, tó ń po bẹntiróò mọ́ afẹ́fẹ́. Sàlẹ́ńsà tó túbọ̀ ṣí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ bẹntiróò kò pọ̀ sí i. Á máa yìnbọn pò-pò bí ẹ bá jùwọ́ iná sílẹ̀ (jíjò náà lè fa èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ yẹ oríkèé wò). Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ẹ fún un níná dáadáa lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ pa á lójijì, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Bó bá funfun, bẹntiróò kò tó: ẹ fi nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì ńlá (irin oníhò tí bẹntiróò ń gbà kọjá nínú kàbúrétọ̀) gòkè ní ìpele kan ṣoṣo, kí ẹ tún dán an wò. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, bẹntiróò ti pọ̀ jù. Búráùn bí àwọ̀ ilẹ̀ ló dára. Dúdú tó ń rin fún ọ́ìlì kì í ṣe ẹjọ́ sàlẹ́ńsà. Ẹ yẹ ríǹgì písítìnì inú ẹ́ńjìnnì wò.

Ẹ má yọ irin tó ń mú ariwo rẹlẹ̀ nínú sàlẹ́ńsà. Etí ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló ń jìyà ẹ̀, etí tí ariwo bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ra sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) tó fi eyín méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eré rẹ̀ á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n á fa ẹrù.