Súkúrù kọ́ ni oògùn síló mọ́tò òde òní

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi gbé síló ẹ̀ sókè díẹ̀. Ó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ."

Ìyá olùkọ́ kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tó gbé Corolla 2003 rẹ̀ wọ ọgbà mi. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé ẹnì kan ti ṣe ohun tó ń bẹ̀ mí sí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: eyín páláyà hàn gbangba lára súkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́tù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Síbẹ̀, mọ́tò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Síló ni a ń pe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù rárá. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná dáadáa, ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké máa ń yí láàárín ìgbà 600 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín àwa mẹkáníìkì àti àwọn tó ni mọ́tò ni pé tí síló bá ti lọ sílẹ̀, tàbí tó ń lọ sókè sódò, súkúrù ló fẹ́ kí a yí. Ìgbàgbọ́ yìí ń ba mọ́tò jẹ́, ó sì ń gbówó lọ́wọ́ àwọn tí kò ní i láti ṣòfò.

Kì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975, àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti ọdún yẹn kan náà, kábúrétọ̀ ló ń fún wọn lépo. Súkúrù kan ń pinnu bí tọ́tù ṣe máa là tó, èkejì ń pinnu bí epo ṣe máa pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀gá tó mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì á máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà á fi rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà.

Àmọ́ nínú mọ́tò onínọ́súlù, tí nọ́súlù ń fọ́n epo sí dípò kábúrétọ̀, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ló ń bójú tó síló. Ó ń wo bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó àti bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ó sì ń wọn epo sí i: nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ fún gíráàmù 1 pẹtiróòlù. Lára Corolla 2003 yẹn, fáàfù kékeré kan ló ń gba afẹ́fẹ́ kọjá nígbà tí tọ́tù bá tì. Ní ti Camry tí à ń pè ní Muscle, kò tiẹ̀ sí wáyà tó so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ tọ́tù mọ́, iná mànàmáná ló ń ṣí i. Súkúrù tí ẹ rí lára tọ́tù, kí awẹ́ inú rẹ̀ má bàa há ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti wọ̀n ọ́n tán.

Tí a bá yí i, afẹ́fẹ́ á máa wọlé ju bí brain box ṣe fẹ́ lọ. Á kọ́kọ́ máa pa fáàfù rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. Tí fáàfù bá ti dé pátá tí síló kò sì wálẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, á gé epo. Ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀, epo á padà, á tún sáré sókè. Vùùù, vùùù, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí tọ́tù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún onímọ́tò pé brain box rẹ̀ ti kú, kó lọ ra òmíràn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀tómátíìkì, gbàrà tí ẹ bá fi sí D ló máa fò síwájú.

Mo dá súkúrù ìyá olùkọ́ padà síbi tó yẹ, mo sì tẹ́tí. Mo gbọ́ "ṣíìì" kan lábẹ́. Rọ́bà kékeré tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà ti sán ní abẹ́, níbi tí ojú kì í dé. Mo fi àtàǹpàkò dí i, abẹ́rẹ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sì dúró jẹ́ẹ́ sí 700. Mo yọ ọwọ́, gbígbọ̀n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí màmá náà wá fọwọ́ ara wọn dí i.

"Ọ̀gá, rọ́bà yìí náà ni?"

"Òun náà ni, mà."

Afẹ́fẹ́ tí brain box kò kà ló ń wọlé níbẹ̀, epo kò sì tó o. Tó bá jẹ́ Accord Bullet ni, tó jẹ́ pé agbára ìfà afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni brain box rẹ̀ fi ń ṣírò epo, irú ihò bẹ́ẹ̀ á kàn gbé síló sókè ni. Àìsàn kan náà, ojú méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́n pẹtiróòlù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná láti wá irú ihò yìí. Iná ni. Omi díẹ̀ nínú ìgò ìfọ́n tó: ibi tí ohùn bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fà.

Ẹ tún wo thermostat, fáàfù tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, brain box á rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i, á sì gbé síló sókè. Ẹni tó yọ ọ́ ló máa tún mú súkúrù-dúráífà wá.

Ìdọ̀tí dúdú ẹnu tọ́tù náà lè ba síló jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tí mọ́tò bá ń fi plọ́ọ̀gì mẹ́ta ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn tí a bá fọ tọ́tù tàbí tí a tú bátìrì, síló lè máa ṣe ségesège fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró kí brain box lè tún síló kọ́, láìfọwọ́ kan ohunkóhun.

Nígbà tí mo pààrọ̀ rọ́bà náà tán, màmá mú kútẹ́ẹ̀sì pupa jáde nínú báàgì wọn. Mo fi kun orí súkúrù náà, kí ó lè hàn tí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn án.