Ojú mẹ́fà, wáyà kan: ẹrù mélòó ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín lè gbé?

Ìbéèrè: Ilé àtijọ́ ni ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti fíríìjì sì ti gba ibẹ̀. A fẹ́ ra fíríìsà tí a ó fi máa ta omi tútù, a sì máa ń fi kẹ́túlù se omi láàárọ̀. Ṣé ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan lè gbé e?

Ìdáhùn: Ó lè gbé fíríìsà. Kẹ́túlù ni kò gbọ́dọ̀ bá a pín in. Ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 230 pín in, torí iye fóòtì tó yẹ kó wà nínú iná ilé nìyẹn. Ohun tó bá jáde ni áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Kẹ́túlù 2,000 wáàtì ń fa áńpù 8.7, áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì ń fa 4.3. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di 13, ibẹ̀ gan-an ni agbára pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta parí sí. Fíríìsà 200 wáàtì kò tó áńpù kan bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Òun ló ń mú gílóòbù ṣẹ́jú.

Ìbéèrè: Ojú mẹ́fà ni ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tiwa ní. Ṣé kò yẹ kó gbé ohun mẹ́fà?

Ìdáhùn: Wáyà kan ṣoṣo ni ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbà jẹun. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára wáyà náà, ìyẹn bí kọ́pà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó: 0.75 mm kò gbọ́dọ̀ kọjá áńpù 6, 1.0 mm kò gbọ́dọ̀ kọjá 10, 1.25 mm ló tó gbé 13. Èyí tó wà lọ́jà lówó pọ́ọ́kú lè kọ 13 sí ìta kí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn. Ẹ má ká a jọ, ẹ má sì fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, nítorí ooru rẹ̀ kò ní rí ibi gbà jáde.

Ìbéèrè: Bíréékà ń já. Oníṣẹ́ iná ní ká yọ ti áńpù 20, ká fi ti 32 sí i.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á láyè! Wáyà inú ògiri ni bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe fíríìsà yín. Wáyà 2.5 mm tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni a ń fi bíréékà 20 ṣọ́. Bí ẹ bá fi 32 sí i, wáyà á máa gbóná lábẹ́ símẹ́ǹtì láìsí ohun tó máa já, títí ike ara rẹ̀ á fi yọ́. Nínú ilé àtijọ́, ẹ tún lè bá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà látara wáyà gílóòbù, 1.5 mm. Ìyẹn burú jù. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá ń gbóná, tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú, tàbí tí òórùn ike tó ń jó ń jáde, ẹ pa á. Ìdè wáyà tó ti tú ló sábà máa ń fà á.

Ìbéèrè: Kí wá ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fa wáyà tuntun láti inú àpótí bíréékà: 2.5 mm mẹ́ta, tí ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀, kí ó sì ní bíréékà 20 tirẹ̀. Ti èésì ńlá tàbí ẹ̀rọ amómigbóná, 4 mm ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kí ẹ tó san owó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ dá a padà. Kí oníṣẹ́ iná náà tó fọwọ́ kan nǹkan, kó pa méènì, kó pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, kó sì fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀.

Fíríìsà ní tirẹ̀ ń fẹ́ sitabiláísà. Bí fóòtì bá lọ sílẹ̀ lálẹ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fa áńpù púpọ̀ sí i kó tó lè yí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ má sì dá a padà títí iná fi dúró dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún.