Ìṣísẹ̀ Àkókò Tó Kéré Jù Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ìṣirò Péye

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣàfarawé bí irin ṣe ń yí ìrísí padà lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló gbà pé bí ìṣísẹ̀ àkókò (ìwọ̀n àkókò kúkurú tí ìṣirò ń bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) bá ṣe kéré tó ni èsì yóò ṣe péye tó. Òótọ́ wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n kan, nítorí pé bí ìṣísẹ̀ bá gùn jù, kókó àwọ̀n, ìyẹn ibi tí àwọn ìlà tó pín irin sí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ti pàdé, yóò ti wọ inú irin ìtẹ̀ lọ kí ìṣirò tó rí i. Àmọ́ ìgbàgbọ́ náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ jẹ́ ká yẹ iṣẹ́ kan wò lórí ọ̀nà implicit, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ìdọ́gba agbára ní òpin ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní irin ìtẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí ẹ́límẹ́ǹtì (ègé kan nínú àwọ̀n) tó kéré jù sì gùn ní mìlímítà 1.5. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ máa ń tẹ̀ lé ni pé kí kókó àwọ̀n kankan má ṣe rìn ju ìdá kan nínú mẹ́ta etí yẹn lọ nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Mìlímítà 0.5 nìyẹn, èyí tó sọ ìṣísẹ̀ di ìṣẹ́jú àáyá 0.05. Bí irin ìtẹ̀ yóò bá rin mìlímítà 60, ìṣísẹ̀ 120 ti tó. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 12,000 yóò dúró títí, síbẹ̀ àwọ̀n rẹ̀ kò kúnná sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tó kọ fún bí irin méjèèjì ṣe ń ha ara wọn kò yí padà. Níbẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ńlá máa ń sá pamọ́ sí.

Ti ọ̀nà explicit, tó ń fi ohun tó ti mọ̀ ṣírò ìṣísẹ̀ tó kàn tààrà, yàtọ̀. Láti ọdún 1928 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò Courant, Friedrichs àti Lewy ti fi ààlà rẹ̀ hàn: ìṣísẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju àkókò tí ìgbì ìró yóò fi la ẹ́límẹ́ǹtì tó kéré jù kọjá. Ìgbì ń rin nǹkan bíi mítà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú irin, nítorí náà ẹ́límẹ́ǹtì mìlímítà 1 gba ìṣẹ́jú àáyá 0.0000002 péré. Bí a bá kọjá ààlà yìí, ìṣirò á dàrú. Bí a bá sì lọ jìnnà sábẹ́ rẹ̀, a kò rí èrè gidi kan jẹ.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ pín ìṣísẹ̀ sí méjì, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìlà agbára ìtẹ̀ méjèèjì lé ara wọn. Bí wọ́n bá bá ara wọn mu, àwọ̀n ló kàn láti yẹ̀ wò.