Bí Adìẹ Àlejò Ṣe Ń Di Ará Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú-Òde gbà pé bí a bá ra adìẹ tuntun, òru ni kí a rọra gbé e sáàárín àwọn tó ti wọ̀ sùn, pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò ṣe bí ẹni pé ọ̀kan lára wọn ni látilẹ̀wá. Ìgbàgbọ́ yìí ti ba ọ̀pọ̀ adìẹ tó dára jẹ́. Lóòótọ́, adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, nítorí náà wọn kò ní jà lóru. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, pàápàá orí àti ogbe, nígbà tí oòrùn bá sì yọ, àgbébọ̀ tó mọ ogbe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń sùn yóò rí èyí tí kò rí rí. Òru kàn sún ìjà náà di òwúrọ̀ ni.

Ipò ni wọ́n ń jà sí. Ní 1922, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, tẹ̀wé jáde láti fi hàn pé adìẹ kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí òun lè ṣá àti ẹni tó lè ṣá òun. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá yóò tètè lóye èyí. Régbérégbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ń kọjá níwájú Awùjalẹ̀, òmíràn ń tẹ̀ lé e, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọlé, èrò pọ̀ lọ bíi yanrìn, síbẹ̀ olúkúlùkù mọ àyè rẹ̀. Ẹni tó bá já wọ àárín wọn láìwọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò tò ó sí ni. Ibi tí àfiwé náà ti yà ni pé ọdún ìbí ló ń pín régbérégbé, ṣùgbọ́n ìfojúkojú ni adìẹ fi ń pín tiwọn.

Ìfojúkojú náà yẹ ní wíwò. Àgbébọ̀ ilé yóò na ọrùn, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ yóò dìde, yóò sì dojú kọ àlejò náà gbọnrangandan. Bí àlejò bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó fà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Bí kò bá yẹ̀, wọn yóò ṣá ara wọn títí ọ̀kan yóò fi yẹ̀. Nítorí pé wọn kì í tún un jà lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ipò bá ti fìdí múlẹ̀, ètò yìí ló ń dín ìjà kù nínú ọgbà.

Kí ìfojúkojú tó wáyé rárá, ó yẹ kí adìẹ tí a rà lọ́jà Òkè-Àjẹ wà ní ibi tó jìnnà sí ti ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé àrùn Newcastle, tí a ń pè ní lúkúlúkú, lè ti wà lára rẹ̀ kí àmì kankan tó hàn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn kan a máa so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ èèkàn kí ó lè mọlé. Yóò mọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìẹ tí a so kò lè sá, àwọn onílé yóò sì ṣá a títí ogbe rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Àgò tí àwọn ìyá wa ń lò ló gbọ́n jù. Bí a bá da àgò tí a hun ní alálàfo bo àlejò náà láàárín ọgbà lójúmọmọ, tí omi àti àgbàdo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn onílé yóò máa rí ogbe rẹ̀ láti àlàfo ọ̀pá, wọn kò sì ní lè ṣe é léṣe. Wáyà tí àwọn olóko adìẹ ń fi pín ilé sí méjì, iṣẹ́ àgò ló ń ṣe. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kò ní rọ ẹni inú àgò lọ́rùn, kò sì ní rọ àwọn tó ń pòòyì rẹ̀ lọ́rùn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn yóò máa jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwo ibẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn la lè ṣí àgò. Ó sàn kí àwọn àlejò tó méjì, kí ìyà má baà dá lórí ẹnì kan, kí abọ́ oúnjẹ àti omi sì wà níbi púpọ̀, kí akọni kan má lè dúró ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣíṣá díẹ̀díẹ̀ kò tó ohun tí a ń dá sí. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kí a má fi falẹ̀, torí bí ó bá ti hàn lára adìẹ kan, gbogbo ìyókù ni yóò rọ́ lọ ṣá ojú ibẹ̀, àfi kí a gbé e kúrò kí egbò náà jinná. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹ máa wò wọ́n nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń wọ̀: àlejò tó ti ń dá sùn nílẹ̀ yóò fò sórí igi, ní ìpẹ̀kun, níbi tí àyè bá ṣẹ́kù sí.