Ṣé dókítà gidi ni ẹni tó gboyè DO?

Jẹ́ kí ọmọ Yorùbá kan ní Houston, ní Texas, sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé iléèwé ìṣègùn osteopathic, níbi tí wọ́n ti ń gboyè DO (Doctor of Osteopathic Medicine), ló gba òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde ni pé, "Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń to eegun nìyẹn?" Èkejì kì í pẹ́ dé: "Kí ló dé tí o ò rí ti MD gbà?" MD (Doctor of Medicine) ni oyè dókítà tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé dókítà ààbọ̀ ni DO. Irọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, DO ń kọ oògùn fún aláìsàn, ó ń gbẹ̀bí, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50. Mississippi ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó fọwọ́ sí i, ní 1973. Sean Conley tó tọ́jú Trump nígbà tí kòrónà mú un ní 2020, DO ni. DO náà ni Kevin O'Connor tó jẹ́ dókítà Biden.

Ìlú Ọba ni apá kan àṣìṣe yìí ti ń wá. Osteopath ti London ń fọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn àti oríkèé, òfin 1993 ló ń darí iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe dókítà rárá. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham, ní London, bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ẹbí, òótọ́ ló ń sọ nípa ọ̀dọ̀ tirẹ̀, àmọ́ kò kan Texas.

Ẹnì kan náà ló bí iṣẹ́ méjèèjì. Yírunyírun pa ọmọ mẹ́ta fún Andrew Taylor Still ní 1864, láyé ìgbà tí àwọn dókítà ń fún aláìsàn ní mákúrì tó jẹ́ májèlé, tí wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Oògùn sú ọkùnrin náà. Ní 1892 ó dá iléèwé sílẹ̀ ní Kirksville, ìpínlẹ̀ Missouri, láti máa kọ́ni bí a ṣe ń fọwọ́ wo eegun àti iṣan. Nígbà tó yá, àwọn iléèwé Amẹ́ríkà gba oògùn àti iṣẹ́ abẹ wọlé títí ẹ̀kọ́ wọn fi bá ti MD dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn MD kò yé pè wọ́n ní ayédèrú.

Àfi ìgbà tó di 1962 ní California. Ẹgbẹ́ MD àti ẹgbẹ́ DO ìpínlẹ̀ náà parapọ̀: DO tó bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú kan, tó sì san dọ́là 65, ó di MD. Nínú nǹkan bí 2,000 DO tó wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù gbà á. Ọwọ́ tó yọ àpẹ́ńdíìsì lánàá ló tún ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà méjì ló yí padà. Iléèwé wọn ní Los Angeles ló di iléèwé ìṣègùn University of California, Irvine ti òní. Èmi ò mọ ẹ̀rí tó tún ju èyí lọ pé dókítà gidi ni DO.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ kankan ń tan yín. Ẹni tó ń lé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àrùn awọ tàbí iṣẹ́ abẹ ìtúnraṣe yóò rí i pé ọ̀nà DO há jù. Ìdánwò COMLEX, tó jẹ́ ti ìwé àṣẹ DO, di dandan, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe USMLE, ìdánwò àwọn MD, mọ́ ọn kí wọ́n lè rí residency (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà tuntun ní ọsibítù) tó wù wọ́n, owó méjì, òógùn méjì. Nǹkan bí 200 wákàtí tún wà fún ìfọwọ́tọ́jú. Ó wúlò fún ẹ̀yìn dídùn, àmọ́ ẹ̀ka tó ní òun ń fọwọ́ rọra tẹ eegun agbárí láti fi wo aláìsàn, ẹ̀rí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Èyí tó yẹ kó kọ òbí lóminú jù ni owó àti ọsibítù. Ti aládàáni ló pọ̀ jù nínú àwọn iléèwé wọ̀nyí. Òfin 2025 sì sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti July 1, 2026 kò lè yá ju dọ́là 50,000 lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, 200,000 lápapọ̀. Owó iléèwé nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi púpọ̀, ká tó sọ ti ilé àti oúnjẹ. Ti ìjọba dẹrùn fún ọmọ ìpínlẹ̀, bíi ti Michigan State, Oklahoma State, tàbí èyí tó wà ní Fort Worth, ní Texas. Púpọ̀ nínú àwọn iléèwé DO kò ní ọsibítù tiwọn, ọdún kẹta àti ìkẹrin lè di kíkó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ọsibítù náà.

Ìgbàgbọ́ tó ń ná àwọn ènìyàn wa lówó jù ni pé MD láti erékùṣù Caribbean sàn ju DO lọ, torí MD ṣáà ni. Ní 2024, ìdá 93.5 nínú ọgọ́rùn-ún MD tó ń jáde ní Amẹ́ríkà rí residency nínú Match, ètò tó ń pín dókítà tuntun sí ọsibítù. Ti DO jẹ́ 92.3. Ti ọmọ Amẹ́ríkà tó kàwé lókè òkun jẹ́ 67. Ẹni tó sì ní i lọ́kàn láti padà wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó bi MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, léèrè ohun tí wọn yóò bá a gbà kó tó san owó ìforúkọsílẹ̀.