Bàálù 352: ṣé òótọ́ ni iye tí wọ́n ní Erich Hartmann já lulẹ̀?

Àwòrán kan ń kiri lórí WhatsApp. Erich Hartmann, awakọ̀ bàálù ogun Jámánì, ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ ológun, wọ́n kọ 352, iye bàálù tí wọ́n ní ó já lulẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá kọ 40 sí ẹ̀gbẹ́ Richard Bong, ọmọ Amẹ́ríkà tó já bàálù ọ̀tá lulẹ̀ jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn òǹkàwé ń béèrè pé ṣé wọn ò bu iyọ̀ sí i.

Ta ni Hartmann gan-an?

Ọmọ Weissach ní gúúsù Jámánì ni, wọ́n bí i lọ́dún 1922. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì fò. Oṣù kẹwàá 1942 ló dé ọ̀dọ̀ JG 52, ikọ̀ bàálù ogun Jámánì kan, lójú ogun Rọ́ṣíà.

Ṣé látìbẹ̀rẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáká?

Rárá o. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde lọ jà, ó fi ọ̀gá tó yẹ kó máa ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré tọ ọ̀tá lọ. Nígbà tó yá, ó ṣi bàálù ọ̀gá rẹ̀ mú fún ti ọ̀tá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un títí epo fi tán, ló bá fi ikùn bàálù balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kó fi bá àwọn mẹkáníìkì ṣiṣẹ́.

Kí ló wá yí padà?

Ó kọ́ bí a ṣe ń sún mọ́ ọ̀tá. Bàálù ogun tó ń wà, Messerschmitt Bf 109 G-6, ní ìbọn ńlá kan oní-mílímítà 20 tó ń yìn gba àárín abẹ̀bẹ̀ iwájú, àti kéékèèké méjì oní-mílímítà 13 lókè ẹ́ńjìnnì. Ọta wọn kì í pẹ́ tán. Téèyàn bá yìn wọ́n láti 300 mítà, ọta á ti fọ́n ká, á sì ti máa rẹlẹ̀. Awakọ̀ ní láti fojú díwọ̀n ibi tí ọ̀tá máa wà nígbà tí ọta bá débẹ̀. Hartmann kì í bá ìṣirò yẹn fà á. Ó máa ń dúró di ìgbà tí bàálù ọ̀tá bá kún gíláàsì iwájú rẹ̀, bíi 50 mítà, kó tó tẹ ìbọn. Ohun mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé: wò ó, pinnu, kọlù ú, kúrò níbẹ̀. Bí kò bá lè bá ọ̀tá lójijì, á fi í sílẹ̀.

Il-2, bàálù ogun Sófíẹ̀tì (orúkọ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà), ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Irin nípọn yí ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ rẹ̀ ká, ọta sì ń ta dànù lára rẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì, lábẹ́ ikùn. Hartmann á rẹlẹ̀, á ti ẹ̀yìn gòkè, á yìn ín síbẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ni àfọ́kù ń bà. Ní 20 oṣù kẹjọ 1943, àfọ́kù Il-2 ló gbé e ṣubú sáàárín àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì. Wọ́n mú un, ó díbọ́n pé òun fara pa, ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ, ó sì sá padà.

Kí ló dé tí ọwọ́ Amẹ́ríkà ò fi tó bẹ́ẹ̀?

Amẹ́ríkà máa ń dá awakọ̀ rẹ̀ padà sílé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Bong pé 40, wọ́n ní ó tó. Ti Jámánì ń fò títí wọ́n á fi kú, tí wọ́n á fi fara pa tàbí tí wọ́n á fi mú wọn. Ìgbà 1,404 ni Hartmann gbéra, ó pàdé ọ̀tá ní ìgbà 825. Kò dá wà o: Gerhard Barkhorn, ikọ̀ kan náà, ní 301, Günther Rall ní 275.

Ṣé gbogbo 352 ló dájú?

Ibí yìí ni ká ti ṣọ́ra. Awakọ̀ ní láti kọ aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú bàálù tó jẹ́ àti orúkọ ẹlẹ́rìí sínú fọ́ọ̀mù. Àmọ́ bàálù tó ń rú èéfín lè rọra délé, èèyàn méjì sì lè yìnbọn fún bàálù kan, kí kálukú kà á mọ́ tirẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ogun òfurufú ló níṣòro yìí. Àwọn olùwádìí kan tó fi ìwé Sófíẹ̀tì wé ti Jámánì sọ pé iye náà kéré sí 352. Iye tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni 352. Kì í ṣe iye àfọ́kù tí ẹnì kan fojú rí.

Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?

Ó fara rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, wọ́n sì fà á lé Sófíẹ̀tì lọ́wọ́. Ó lé ní ọdún 10 lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1955. Ó kú lọ́dún 1993.

Ṣé kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sáwọn ẹlòmíì?

Kọ́kọ́ wo ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Àwọn kan ń fi àwọn awakọ̀ yìí fọ ẹgbẹ́ ogun Hitler mọ́, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ọwọ́ Hitler fúnra rẹ̀ ni Hartmann ti gba àmì ẹ̀yẹ dáyámọ́ǹdì ní oṣù kẹjọ 1944, ilẹ̀ tí Jámánì gbógun tì, tó sì ti pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn, ló ti jà. Èèyàn méjì ló sábà máa ń wà nínú Il-2 nígbà náà, ẹni tó ń wà á àti ẹni tó kọjú ìbọn sẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “iye tí wọ́n kà sí i lọ́rùn”.